Kí Ló Pa Adìyẹ Yìí?

Bí adìyẹ bá kú lójijì ní Galadimawa, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan á tu ìyẹ́ rẹ̀ kíá, wọ́n á gbé e kaná kí ó tó gan. Àwọn kan á sọ ọ́ sórí ààtàn. Àwọn mìíràn, kí Ọlọ́run foríjì wọ́n, á gbé e fún ẹni tó ń yan adìyẹ tà lẹ́bàá títì. Ohun kẹrin ṣọ̀wọ́n: kí a gbé òkú náà lọ bá dókítà ẹranko, kí ó là á, kí ó sì sọ ohun tó pa á. Iṣẹ́ dókítà náà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Apá gúúsù Àbújá ni Galadimawa wà, kò jìnnà sí títì tó lọ sí pápákọ̀ òfúrufú. Àwọn Gbagyi ló ni ilẹ̀, ẹ̀sítéètì tuntun sì ti yí wọn ká. Ewúrẹ́ ń jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ajá mẹ́gáàdì ń bá ajá ìgboro rìn, àwọn onílé sì ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Níbi tí ẹranko àti ènìyàn ti jọ ń gbé báyìí, àìsàn tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á mú adìyẹ kan tó jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ 12. Ó kọ́kọ́ ń tiro. Nígbà tó yá, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, ó na èkejì sẹ́yìn, kò lè dé ibi omi mọ́. Ó rù, ó sì kú. Onílé ní ọmọ aládùúgbò ló sọ ọ́ lókùúta. Ìyá tó bí onílé ní iṣẹ́ ayé ni. Ìjà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbé òkú náà lọ bá dókítà.

Dókítà wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Ó fi omi tó ní oògùn apakòkòrò rin ìyẹ́ òkú náà kí eruku rẹ̀ má baà fò. Ó gé awọ tó wà láàárín itan àti ikùn, ó tẹ itan méjèèjì sẹ́yìn títí oríkèé fi yẹ̀, òkú náà sì tẹ́ gbalaja. Ó bó awọ àyà, ó gé egungun ìhà lọ́tùn-ún lósì, ó wá ṣí àyà bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Kò tíì fọwọ́ kan ohunkóhun nínú. Ó ń wò ó ná.

Ẹ̀dọ̀ adìyẹ tí ara rẹ̀ le máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, etí rẹ̀ sì máa ń mú. Èyí ti wú kọjá ààyè rẹ̀, kókó funfun sì wà lára rẹ̀ káàkiri. Dókítà ya ẹran itan sọ́tọ̀, ó wá iṣan funfun tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ dé ẹsẹ̀. Ó yẹ kí iṣan náà tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó máa dán. Ti ẹsẹ̀ ọ̀tún rí bẹ́ẹ̀. Ti òsì ti nípọn ní ìlọ́po méjì, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣá. Ọmọ aládùúgbò kò sọ òkò.

Marek ni orúkọ àìsàn náà. József Marek, dókítà ẹranko ará Họ́ńgárì, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1907. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Inú eruku tó ń bọ́ lára ìyẹ́ ni fáírọ́ọ̀sì yìí ń gbé, òròmọdìyẹ á sì fà á símú. Tí ó bá wọ ara tán, á wọnú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí wọ́n máa bá àìsàn jà, á sì sọ wọ́n di aláìgbọràn: wọ́n á máa bí sí i, wọ́n á máa pọ̀ sí i, wọ́n á di kókó nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú iṣan. Jẹjẹrẹ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé àrùn tó ń ràn wà lọ́tọ̀, jẹjẹrẹ náà wà lọ́tọ̀. Lára ẹran ọ̀sìn, ààlà àárín wọn kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ní 1911, Peyton Rous ní New York lọ kókó adìyẹ kan, ó sẹ́ ẹ títí kò fi ku sẹ́ẹ̀lì kankan nínú omi rẹ̀, ó sì gún adìyẹ mìíràn ní omi náà. Kókó yọ lára èkejì. Àwọn onímọ̀ kò kà á sí. Ọdún 1966 ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel, ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Nígbà náà, àjẹsára Marek kò ní pẹ́ jáde mọ́: òun sì ni àjẹsára àkọ́kọ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ lára ẹ̀dá èyíkéyìí. Ọjọ́ tí òròmọdìyẹ bá jáde nínú ẹyin ni wọ́n ń gún un. Ẹni tó bá ní òun á gún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pẹ́ jù. Fáírọ́ọ̀sì ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Nítorí náà, ọwọ́ ẹni tó ta òròmọdìyẹ fún yín ni kí ẹ ti béèrè bóyá wọ́n ti gún un.

Síbẹ̀, gbogbo kókó kọ́ ni jẹjẹrẹ. Ní odò ẹran Karu tàbí ti Deidei, wọ́n lè la màlúù kan kí wọ́n bá kókó nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Tí ọ̀bẹ bá kọjá nínú rẹ̀, tí ohun gbígbẹ aláwọ̀ ìyeyè bá ń rún jáde, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ ti màlúù, èyí tó lè ran ènìyàn tó bá mu wàrà tí a kò sè. Ojú lásán lè tàn wá jẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé díẹ̀ lára kókó náà, tí wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú fọ́málínì, tí wọ́n ń fi ìda dì í, tí wọ́n sì ń gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Aró méjì ni wọ́n ń fi rẹ ẹ́, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan píǹkì. Inú igi kan tó ń hù ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń rí aró búlúù náà. Ìyá aláró Abẹ́òkúta á mọyì rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni maikirosíkóòpù yóò tó fi hàn bóyá àrùn ni àbí jẹjẹrẹ.

Ti ajá ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹ lè rí abo ajá kan tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú ara rẹ̀, tí kókó pupa sì yọ síbẹ̀. Jẹjẹrẹ ni, ó sì ń ràn. Kò sí fáírọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá: sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà fúnra rẹ̀ ló ń kúrò lára ajá kan bọ́ sára èkejì nígbà tí wọ́n bá ń gùn tàbí tí wọ́n bá ń lá ara wọn. Novinsky, dókítà ẹranko ará Rọ́ṣíà, ti gbìn ín láti ara ajá kan sí òmíràn ní 1876. Ní 2019, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí kókó 546 láti orílẹ̀-èdè 43. Wọ́n rí i pé ara ajá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀, ajá kan tó gbé ní Éṣíà ní nǹkan bí ọdún 4,000 sí 8,500 sẹ́yìn. Ajá ti kú, jẹjẹrẹ rẹ̀ ṣì ń rìn ká ayé. Kì í ran ènìyàn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní vincristine, tí dókítà ń gún lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, sábà máa ń mú un kúrò. Inú òdòdó periwinkle ni wọ́n ti rí oògùn náà, òdòdó píǹkì tí a ń gbìn síwájú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ se ewé rẹ̀ fún ajá. Májèlé ni.

Tí ajá bá ń dà itọ́, tó ń bu ènìyàn ṣán láìnídìí, tó sì kú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ là á nílé. Ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Inú ọpọlọ ni wọ́n ti ń wá a, àwọn tó ti gba àjẹsára ló sì ń ṣe é.

Tí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ lè gbé òkú ẹranko lọ láti Galadimawa, yunifásítì tó wà ní Gwagwalada ní ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko. Ibi tó tóbi jù lọ fún iṣẹ́ yìí ni ilé ìwádìí àìsàn ẹranko ní Vom, nítòsí Jos, tó ti wà láti 1924. Níbẹ̀ ni wọ́n gbé òkú adìyẹ láti Jaji, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, lọ ní 2006, tí a fi mọ̀ pé àìsàn lùkúlùkú tuntun tó ń jẹ́ H5N1 ti wọ Áfíríkà. Ní 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ tu ìyẹ́ òkú adìyẹ. Ewúrẹ́ náà ní ìtàn tirẹ̀: fáírọ́ọ̀sì àìsàn ewúrẹ́ tí a ń pè ní kata, tí wọ́n rí ní Nàìjíríà ní 1975, ni wọ́n fi ṣe àjẹsára tí wọ́n ń gún fún ewúrẹ́ àti àgùntàn ní Áfíríkà àti Éṣíà títí di òní. Nigeria 75/1 ni wọ́n ń pè é.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé òkú adìyẹ lọ, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, ẹ gbé e sórí yìnyín. Ẹ má jẹ́ kí ó dì nínú fíríìsà, nítorí dídì á ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ọjọ́ tó kú gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Kí ẹ sì kọ ìwé pélébé tẹ̀ lé e, báyìí:

Adìyẹ ẹlẹ́yin, 40. Ọjọ́ orí: ọ̀sẹ̀ 12.
Ó bẹ̀rẹ̀: Ọjọ́ Ajé. Ó ti kú: 3. Ó ń tiro: 5.
Àjẹsára tí mo fún wọn: Newcastle, Gumboro.
Marek: n kò béèrè.

Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ìsàlẹ̀, torí èsì láti Vom lè pẹ́ kí ó tó dé.