Bí a ṣe ń tọ́jú ajá àgbàlagbà tí kò lè rìn dáadáa mọ́

Ogbó kì í ṣe àrùn, ṣùgbọ́n ìrora tó máa ń bá ogbó rìn jẹ́ àrùn, ìtọ́jú sì wà fún un. Ní ìlú Sókótó, àwọn tó ń sin ajá sábà máa ń sìn ín láti ṣọ́ ilé, láti da ẹran tàbí láti ṣọdẹ. Bí irú ajá bẹ́ẹ̀ kò bá lè dìde kíákíá mọ́, ọ̀pọ̀ a máa sọ pé ó ti darúgbó, wọn a sì fi í sílẹ̀. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ajá tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ ilé kò ní ẹlòmíràn tí yóò tọ́jú rẹ̀ ju ẹni tó ni ín lọ.

Ohun tó ń fà á

Ajá ńlá bíi Alsatian, Rottweiler àti Boerboel a máa wọ ọjọ́ ogbó láti nǹkan bí ọdún 7. Ajá kékeré a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó wọ́pọ̀ jù lọ tó ń dí ìrìn wọn lọ́wọ́ ni làkúrègbé oríkèé. Ohun rírọ̀ tó bo orí egungun níbi tí egungun méjì ti pàdé yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀, oríkèé yóò wú, yóò sì le gan-an. Ìbàdí, orúnkún àti ìgbúnwọ́ ni ó sábà máa ń mú.

Ajá kì í sábà ké nítorí ìrora tó ti pẹ́ lára rẹ̀. Àwọn àmì tó yẹ kí a máa wò ni pé yóò pẹ́ kó tó dìde, pàápàá lẹ́yìn oorun. Yóò sá fún àtẹ̀gùn. Yóò máa lá ibì kan náà lára oríkèé. Iṣan itan rẹ̀ yóò rù. Yóò sì máa bínú bí a bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ogbó

Bí ẹsẹ̀ ajá bá rọ lójijì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà á sí ogbó. Ó lè jẹ́ ìpalára ọ̀pá ẹ̀yìn, ó lè jẹ́ àrùn tí eégbọn ń kó ràn án, ó sì lè jẹ́ àrùn dìgbòlugi. Kì í ṣe gbogbo ajá dìgbòlugi ló máa ń gbó tó sì ń gé ènìyàn jẹ. Òmíràn a rọ lẹ́sẹ̀, ẹnu rẹ̀ a ṣí sílẹ̀, itọ́ a sì máa dà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki ọwọ́ bọ ẹnu irú ajá bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gé jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Oúnjẹ àti ìwọ̀n ara

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2002 tẹ̀ lé ajá Labrador 48 láti kékeré títí di ọjọ́ ikú wọn. Àwọn tí wọ́n dín oúnjẹ wọn kù ní ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan lo nǹkan bí ọdún 13, nígbà tí àwọn yòókù lo nǹkan bí ọdún 11. Làkúrègbé sì pẹ́ kó tó yọ wọ́n lẹ́nu. Nítorí náà, kí a dín tùwó àti ọ̀rá kù fún ajá tó sanra. Bí a bá fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ọwọ́ kò kan egungun ìhà, ó ti sanra jù.

Oòrùn àti ọyẹ́ Sókótó

Láti oṣù kẹta títí di oṣù karùn-ún, ooru Sókótó a máa kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ajá tó wà níbi òjìji láàárọ̀ lè wà nínú oòrùn lọ́sàn-án nítorí pé òjìji ti yí kúrò, òun kò sì lè dìde tẹ̀ lé e. Èyí lè pa á. Kí ibùsùn rẹ̀ wà níbi tí oòrùn kì í dé rárá, kí omi sì wà nítòsí ẹnu rẹ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni kó máa rìn, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìsinmi pátápátá a máa mú kí iṣan rù sí i. Nígbà ọyẹ́, òtútù òru a máa mú kí oríkèé le, nítorí náà kó sùn sínú ilé lórí fóòmù.

Ilẹ̀ táìlì a máa yọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yóò ràn án lọ́wọ́, kí a sì máa gé èékánná rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò bá lágbára, a lè gba táwẹ̀lì sábẹ́ ikùn rẹ̀ láti fi gbé e ró. Ajá tí kò lè dìde rárá ni a gbọ́dọ̀ máa yí padà ní wákàtí díẹ̀ díẹ̀ kí egbò má bàa dá sí i lára.

Oògùn

Oògùn ìrora tí ènìyàn ń lò léwu fún ajá. Ibuprofen lè dá ọgbẹ́ sí i nínú, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Paracetamol lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Oògùn ìrora wà tó jẹ́ ti ajá, ṣùgbọ́n dókítà ẹranko ni yóò wọn ajá náà kó tó sọ iye tí yóò lò.

Ní Sókótó, Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko àti ilé ìwòsàn ẹranko tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ajá bá dé ibi tí kò lè jẹun, tí ìrora kò sì gbọ́ oògùn mọ́, dókítà ẹranko lè fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò jẹ́ kó sùn lọ láìjẹ̀rora. Èyí sàn ju kí a so ó mọ́lẹ̀ sínú oòrùn títí ẹ̀mí yóò fi bọ́.