Bí a ṣe ń tú nọ́ńbà ńlá palẹ̀

Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 168,436 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, àti ará Ìkọ̀lé fúnra rẹ̀, àti ará Ìjẹ̀ṣà-Isu, àti ará Ayédùn. Ẹ jẹ́ ká tú nọ́ńbà yìí palẹ̀ bí ẹni ń tú ẹrù, ká wo ohun tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tó ń pín in láìṣẹ́kù. Bírò, ìwé àti sùúrù ti tó. Ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ pè é bí àwọn bàbá wa ṣe ń ka owó ẹyọ. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, iye owó ẹyọ tó ń kún àpò kan. Ọ̀kẹ́ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Ẹgbàarin tẹ̀ lé e, ìyẹn 8,000. Lẹ́yìn náà irínwó. Ó wá ku ẹ̀rìndínlógójì. Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn. Ọ̀kẹ́, ẹgbàarin, irínwó, ogójì: ogún la fi kọ́ gbogbo wọn, mẹ́rin sì ń pín ogún láìṣẹ́kù. Ohun tó dín nìkan ló yẹ ká yẹ̀ wò, mẹ́rin náà sì ni. Nítorí náà mẹ́rin pín gbogbo rẹ̀, márùn-ún kò lè pín in. Ẹ fi 4 pín in: 42,109.

Ẹ ro 4, 2, 1, 0 àti 9 pọ̀: 16. Mẹ́ta kò pín 16, kò sì lè pín 42,109. Ẹ fọwọ́ dán 7, 11 àti 13 wò. Wọn kò wọ̀ ọ́.

Ó kan ẹ̀tàdínlógún, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Orúkọ rẹ̀ ló ń kọ́ni bí a ó ṣe ṣe é: bí a bá yọ 17 nínú ogún, ẹ̀ta ló ń kù. Ẹ ka iye ogún tó wà nínú 42,109: ogún 2,105, ó ku 9. Ẹ sọ 2,105 di ìlọ́po mẹ́ta, kí ẹ fi 9 kún un: 6,324. Ẹ tún un ṣe: ogún 316, ó ku 4, 948 àti 4 jẹ́ 952. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i: ogún 47, ó ku 12, 141 àti 12 jẹ́ 153. Ọ̀nà mẹ́sàn-án 17 sì ni 153. Ó wọ̀ ọ́! Ẹ fi 17 pín 42,109: 2,477.

Ṣé 2,477 ṣì ṣe é pín? Ẹ má ṣe dán ohun tó ju 49 wò: 50 lọ́nà 50 jẹ́ 2,500, nítorí náà bí nọ́ńbà méjì bá bí 2,477, ọ̀kan nínú wọn kò ní tó 50. 17 pàápàá kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ní ti ọ̀kàndínlógún, ẹyọ kan ni ogún kọ̀ọ̀kan ń ṣẹ́ kù: ogún 123 ló wà nínú 2,477, ó ku 17, 123 àti 17 jẹ́ 140; 19 kò pín in. Ní ti ẹ̀tàlélógún, tí ẹ̀ta lé, yíyọ ni: ìlọ́po mẹ́ta 123 jẹ́ 369, ẹ yọ 17, ó ku 352, 23 kò pín in. Ẹ fọwọ́ pín in sí 29, 31, 37, 41, 43 àti 47. Asán ni. Olóríkunkun ni 2,477. Òun fúnra rẹ̀ àti ení nìkan ló ń pín in.

2 × 2 × 17 × 2,477 ni Ìkọ̀lé, nọ́ńbà méjìlá péré ló sì lè pín in. Bí gbogbo wọn bá tò sórí pápá, ìlà 68 á dọ́gba. Ìlà 70 kò ní dọ́gba láéláé.

Gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkìtì jẹ́ 2,398,957 lọ́dún náà. Mọ́kànlá wọ ìyẹn. Ẹ fi 11 pín in: 218,087. Ẹ ṣí ojú ìwé tuntun.