Asofẹ́yẹjẹ: Gbòǹgbò Tó Di Ọjà Òkè Òkun

Igi asofẹ́yẹjẹ la fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀ lónìí.

Ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀ ná: ó so, ẹyẹ ló ń jẹ ẹ́. Àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn wa fi ń tọ́jú àrùn ọpọlọ láti ayébáyé. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ní Rauvolfia vomitoria.

Báwo ló ṣe di ọjà? Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ reserpine lára ìbátan rẹ̀ tó wà ní Íńdíà, Rauvolfia serpentina. Reserpine máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ni àwọn ilé iṣẹ́ oògùn bá ń wá gbòǹgbò kiri. Wọ́n hú u ní Íńdíà títí ó fi ń ṣọ̀wọ́n; ní 1969, ìjọba ibẹ̀ fòfin de títà á sí òkè òkun. Asofẹ́yẹjẹ náà ní reserpine nínú, nítorí náà wọ́n ń rà á ní Áfíríkà, pàápàá ní Kóńgò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: tí a bá já ewé, á tún rú. Tí a bá hú gbòǹgbò, igi kú nìyẹn. Ẹni tó ń tà á láì gbìn ín, ọjà ọ̀la ló ń tà.

Ẹ má lọ sè é mu fúnra yín o! Tó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi ewu.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí títa gbòǹgbò fi léwu fún igi ju títa ewé lọ?