ÌYÁRA ÀWO ÌPAMỌ́ ÀTIJỌ́ NÍ ÒṢÙWỌ̀N NẸ́TÍWỌ́Ọ̀KÌ

Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ìyípadà òṣùwọ̀n kò ní wá àpẹẹrẹ tì ní agbègbè wa yìí. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní Ifọ̀. Ọ̀nà ojú irin àtijọ́, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní ọdún 1896 tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, gba ibẹ̀ kọjá. Àlàfo tí ó wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6. Ọ̀nà tuntun tí a ṣí ní ọdún 2021 náà ní ibùdó ní Kájọlà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀ kan náà; àlàfo ti òun jẹ́ mìlímítà 1,435. Èwo ni ó fẹ̀ jù, báwo ni ó sì ti fẹ̀ tó ju èkejì lọ? A kò lè dáhùn títí a ó fi sọ méjèèjì di òṣùwọ̀n kan. Bí a bá fi 25.4 sọ íǹṣì 42 di púpọ̀, a ó rí mìlímítà 1,067 ó dín díẹ̀. Nítorí náà ọ̀nà tuntun fi nǹkan bí mìlímítà 368 fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ.

Irú ọ̀ràn yìí gan-an ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Àwọn tí ń ṣe àwo tí a fi ń pa ìwé mọ́ ń ka báìtì, nítorí pé báìtì ni wọ́n fi ń tọ́jú lẹ́tà tí a bá tẹ̀. Àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí wáyà tàbí nínú afẹ́fẹ́ ń ka bíìtì, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni bíìtì ń tò kọjá. Bíìtì ni ẹyọ tí ó kéré jù, òfo tàbí ení. 8 nínú rẹ̀ ni ó ń di báìtì kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí ṣe àjèjì sí wa. Ní ayé àwọn baba ńlá wa, owó ẹyọ 40 ni ó ń di okùn kan, okùn 50 a di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá a sì di ọ̀kẹ́ kan. Kò sì sí ìyálọ́jà kan tí yóò gba okùn ní ipò ẹgbàá.

Lórí ìwé, lẹ́tà kan péré ni ó ya méjèèjì sọ́tọ̀: b kékeré ni bíìtì, B ńlá ni báìtì. Lẹ́tà yìí ni ó sì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tí ń ta dátà àti àwọn tí ń rà á, ní Mowe àti ní Ibafo bí ó ti rí níbi gbogbo. Ẹnì kan ra ìyára mẹ́gábíìtì 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ó fa ìwé kan wá, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ ọ́ pé 1 MB. Ó pariwo pé wọ́n ti jẹ ìdá méje nínú ìdá mẹ́jọ owó òun. Kò sí olè níbẹ̀: 8 tí a fi 8 pín, 1 náà ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 0.4 MB ni ó rí nígbà gbogbo, ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé 3.2 péré ni èyí jẹ́ nínú 8 tí ó sanwó fún. Ẹni tí kò mọ ìṣirò yìí yóò jà níbi tí kò sí ìjà, yóò sì dákẹ́ níbi tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé àwọn àwo àtijọ́ sórí òṣùwọ̀n. Floppy onígun mẹ́rin nì ní ojú 2, ipa 80 ní ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀là 18 ní ipa kọ̀ọ̀kan, àti báìtì 512 ní ẹ̀là kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ báìtì 1,474,560. Síbẹ̀ 1.44 MB ni wọ́n kọ sí i lára, nítorí pé wọ́n fi 1,024 pín in lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fi 1,000 pín in lẹ́ẹ̀kejì! Bí ọmọ kíláàsì kẹrin bá ṣe irú èyí, a ó fa igi sí i. Àwo náà ń yí ní ìgbà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń ka báìtì 9,216 ní ìyípo kan. Èyí jẹ́ báìtì 46,080, tàbí bíìtì 368,640. Nítorí náà kò tó ìdajì mẹ́gábíìtì kan, a kò tilẹ̀ tí ì ka àkókò tí orí tí ń kà á fi ń ṣí láti ipa dé ipa.

Síídì àkọ́kọ́ ń ka ẹ̀là 75 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, báìtì 2,048 ní ẹ̀là kan: báìtì 153,600, èyí tí í ṣe mẹ́gábíìtì 1.23. Háàdì dísìkì tí a kọ ATA-100 sí lè gba mẹ́gábáìtì 100 kọjá, ìyẹn mẹ́gábíìtì 800. SATA àkọ́kọ́ ni ó gba ìṣọ́ra. Mẹ́gábíìtì 1,500 ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n bíìtì 10 ni ó ń rán fún báìtì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà 10 ni a ó fi pín in, kì í ṣe 8, a ó sì rí mẹ́gábáìtì 150.

Èyí ni ìbéèrè tí a dábàá fún kíláàsì. Síídì oníṣẹ́jú 80 gba báìtì 737,280,000. Bí a bá fi ránṣẹ́ láti Ibafo sí Mowe lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́gábíìtì 4, yóò gba ìṣẹ́jú 24 àti ìṣẹ́jú àáyá 35. Bí ọlọ́kadà bá gbé e sápò tí ó sì lo 20 ìṣẹ́jú lọ́nà, ìyára ọ̀kadà náà jẹ́ mẹ́gábíìtì 4.9, ó sì ti ṣíwájú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ó bá jẹ́ fúláàṣì gígábáìtì 64 ni ó gbé, ìyára rẹ̀ di 427. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe gbàgbé àkókò tí a ó fi da ìwé sí i ní Ibafo àti èyí tí a ó fi dà á jáde ní Mowe. Bí fúláàṣì náà bá tilẹ̀ lè lo gbogbo mẹ́gábíìtì 480 ti USB 2.0, èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀, yóò gba ìṣẹ́jú àáyá 1,067 ní apá kọ̀ọ̀kan, ìyára ọ̀kadà wa yóò sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 154.