Ẹ̀ṣẹ̀ sí Ilẹ̀: Tani Ọ̀daràn?

Ẹ̀yin ará wa, àti ẹ̀yin olùkọ́ pàápàá, ẹ jẹ́ kí a jùmọ̀ gbé ìbéèrè kan yẹ̀wò li oṣù yí: bí a bá ba ilẹ̀ àti omi ìlú kan jẹ́, tani a ó pè li ọ̀daràn?

Li ọdún 1987 àti 1988, àwọn oníṣòwò kan kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró láti ilẹ̀ Ítálì wá sí Koko, ìlú èbúté tí mbẹ létí Odò Benin, ní ìpínlẹ̀ tí à ńpè ní Delta lónìí. Nwọ́n háyà àgbàlá ọkùnrin kan, nwọ́n sì ńsan nǹkan bí 100 dọ́là fún un lóṣù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tí ó wà ní Ítálì li ó kọ̀wé sílé tí àṣírí fi tú ní oṣù Júùnù 1988.

Àwọn àgbà ní, ẹnití ó gbé epo l'ájà kò jalè tó ẹnití ó gbà á sílẹ̀. Bí a bá fi òwe yí nìkan dá ẹjọ́ Koko, orí onílẹ̀ náà ni gbogbo ẹ̀bi yíò wà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ńkọ́ nípa àwùjọ ènìà kọ́ wa láti wò ré kọjá ọwọ́ tí ó gbẹ̀hìn. Edwin Sutherland, ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà, wí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ li ọdún 1939 pé kì íṣe tálákà nìkan ní ńdá ọ̀ràn. Àwọn ọlọ́lá a máa dá a nínú òwò wọn, ṣùgbọ́n a kì í sábà pè wọ́n li ọ̀daràn.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kí a wo ẹnití ńjìyà. Ní Houston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kannáà, Robert Bullard wádìí li ọdún 1979, ó sì rí i pé ààtàn márààrún tí iṣe ti ìjọba ìlú náà, àdúgbò àwọn ènìà dúdú ni gbogbo wọn wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ li ó rí ní Koko. Nígbàtí ọkọ̀ Karin B kó lára ẹrù náà padà, èbúté Yúróòpù púpọ̀ li ó kọ̀ ọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ní ìloro tirẹ̀ li a ti gbé sí ìloro tálákà.

Ẹ̀kọ́ kẹta kan òfin. Ṣáájú ọ̀ràn Koko, kò sí òfin Nàìjíríà tí ó dárúkọ irú ìwà yí ní pàtó. Li ọdún 1988 kannáà ni Òfin 42 jáde, tí ó fi ẹ̀wọ̀n gbére ṣe ìyà rẹ̀. Àdéhùn Basel tẹ̀lé e li ọdún 1989, àti ti Bamako li ọdún 1991. Njẹ́ májèlé náà kì í ha ṣe májèlé kí òfin tó dé bí? Ibi a máa wà kí òfin tó fún un li orúkọ.

Nítorínáà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti bèèrè pé: Tani ó jèrè? Tani ó jìyà? Tani ó fi ọwọ́ sí ìwé rẹ̀? Kí àwa pẹ̀lú, tí ńda ìdọ̀tí sínú àgbàrá nígbàtí òjò bá ńrọ̀, sì bi ara wa léèrè pé: tani ńgbé ní ìsàlẹ̀ odò?