Fáìlì Ẹjọ́ Níbi Ìgbẹ́jọ́ Owó Àìlèṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà: Àlàyé àti Ìdábàá Ọ̀rọ̀

1. Ìfáárà

Òfin ọdún 1935 ni ìpìlẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì tí àjọ Social Security ń san ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1956 ni wọ́n fi owó òṣìṣẹ́ tí àìsàn tàbí ìfarapa kò jẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ mọ́ kún un. Ní ọdún 1972 ni wọ́n ṣe òfin owó ìrànwọ́ fún aláìní tí ó jẹ́ arúgbó, afọ́jú tàbí aláìlèṣiṣẹ́. Sísan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1974. Bí wọ́n bá kọ ìbéèrè ẹnì kan, tí wọ́n sì tún kọ̀ ọ́ lẹ́yìn àtúnyẹ̀wò, ó ní 60 ọjọ́ láti ìgbà tí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láti béèrè ìgbẹ́jọ́ níwájú adájọ́. Àwọn Yorùbá tí ń gbé orílẹ̀-èdè náà wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ògbufọ̀ tí kò mọ fáìlì ẹjọ́ kà kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́ dáadáa.

2. Ìdí tí fáìlì fi ṣe pàtàkì

Dókítà tí ó tọ́jú olùbéèrè kì í sábà yọjú síbi ìgbẹ́jọ́. Ìwé rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Richardson àti Perales, ní ọdún 1971, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà pinnu pé ìwé tí dókítà kọ lè tó ẹ̀rí láti fi dájọ́, bí olùbéèrè kò bá lo ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti ní kí wọ́n pe dókítà náà wá jẹ́rìí. Agbẹ́jọ́-ẹnì-kan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà ni òfin fi gba olùbéèrè láyè láti wo fáìlì kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé. Bí ìwé kan bá kù, ó gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ tàbí kí ó sọ nípa rẹ̀, ó kéré tán, ní ọjọ́ iṣẹ́ 5 ṣáájú ìgbẹ́jọ́.

3. Ìpín inú fáìlì

Ìpín mẹ́fà ni ó wà:
A: ìwé ìsanwó àti ìpinnu àtẹ̀yìnwá.
B: ìwé ìfitónilétí, ìbéèrè fún ìgbẹ́jọ́ àti ìwé yíyan aṣojú.
C: ìwé ìgbà díẹ̀.
D: ìwé tí kò jẹ mọ́ àìsàn, bí àkọsílẹ̀ owó tí olùbéèrè ti gbà lẹ́nu iṣẹ́.
E: àlàyé nípa àìlèṣiṣẹ́, bí fọ́ọ̀mù tí olùbéèrè fi ṣàpèjúwe iṣẹ́ àtijọ́ àti ìṣe ojoojúmọ́ rẹ̀.
F: àkọsílẹ̀ ìtọ́jú ìṣègùn.

Nọ́ńbà máa ń ṣáájú lẹ́tà: 4F ni ìwé kẹrin ní ìpín F. Adájọ́ máa ń fi E wé F. Bí méjèèjì bá takora, ọ̀rọ̀ olùbéèrè kò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́.

4. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó ṣòro

(i) Àìlèṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí sàn ju ‘àbùkù ara’ lọ. Ohun tí òfin ń wá ni àìlè ṣe iṣẹ́ gidi tí ń mówó wọlé, nítorí àìsàn tí àyẹ̀wò ìṣègùn fi hàn, tí ó ti pé oṣù 12 tàbí tí ó lè pé e, tàbí tí ó lè já sí ikú. Ẹni tí a gé lẹ́sẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́. Ẹni tí ẹ̀yà ara rẹ̀ pé lè jẹ́ aláìlèṣiṣẹ́ nítorí àrùn ọkàn. Bí ògbufọ̀ bá bi àgbàlagbà léèrè pé, ‘Bàbá, ṣé abirùn ni yín?’, ó lè dáhùn pé, ‘Rárá o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.’ Ìdáhùn náà yóò sì wọ inú àkọsílẹ̀.

(ii) Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àìlèṣiṣẹ́. Èyí yàtọ̀ sí ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Bí ìtọ̀ ṣúgà bá ti ń ṣe obìnrin kan láti ọdún 2012, tí ó sì ṣiṣẹ́ títí di ọdún 2021, ìbéèrè pé ‘Ìgbà wo ni àìsàn yín bẹ̀rẹ̀?’ yóò mú ìdáhùn tí ìwé ìpín D yóò ta kò. Ohun tí ó yẹ kí ògbufọ̀ béèrè ni pé, ‘Ìgbà wo ni ẹ kò lè ṣiṣẹ́ mọ́?’ Ó tún gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ òpin ìdójútòfò, nítorí pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé àìlèṣiṣẹ́ òun bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó kọjá.

(iii) Agbára ìṣiṣẹ́ tí ó ṣẹ́kù. Èyí ni ibi tí agbára olùbéèrè lè dé jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ ojoojúmọ́ pẹ̀lú àìsàn rẹ̀: ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé, iye wákàtí tí ó lè fi jókòó tàbí dúró. Níhìn-ín ni ìkíni Yorùbá ti lè fa ìpalára. Bí dókítà bá béèrè àlàáfíà, tí aláìsàn sì wí pé, ‘A dúpẹ́, ara ń mókun’, ìwà ọmọlúwàbí ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ ti yá, ìwé ìpín F yóò jẹ́rìí lòdì sí i. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni láti ya ìkíni sọ́tọ̀ kúrò lára ìròyìn ara.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí fi hàn pé ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ dúró lórí àwòrán ohun tí ojú rí. Ohun tí òfin ń wọ̀n ni ó yẹ kí ó dúró lé. Bí olùkọ́ bá fi fáìlì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtumọ̀, kí ó jẹ́ kí wọ́n ka E àti F pa pọ̀, kí wọ́n sì bi ara wọn léèrè ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé: ara ni wọ́n ń sọ ni, àbí iṣẹ́?