Ibi Tí A Bá Pè Lórí

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ẹni tí ó gbé kámẹ́rà dání, nítorí pé apá ibi tí ó bá ti pè ní òsì nígbà tí ìran bẹ̀rẹ̀, òsì náà ni yóò máa jẹ́ títí ìran náà yóò fi parí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Èrúwà, ọmọ Ìbàràpá méje, tí ẹ ń fi fóònù ya eré, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Èmi náà ti fi orí tẹlẹ̀ rí. Nínú ìtàn tí à ń yà, ọkùnrin kan gun ọ̀kadà láti Èrúwà, ó ń lọ sí Lánlátẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dúró sí. Nígbà tí oòrùn ń ta mí lójú, mo sọdá títì, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ìgbà tí a to àwòrán pọ̀ tán ni ẹni tí ó ti ń forí lé ọ̀tún ṣàdédé kọjú sí òsì, tí àwọn òǹwòran sì ń bi mí pé kí ni ó gbàgbé sílé. Bí ó bá jẹ́ ẹni méjì ni ó ń sọ̀rọ̀, ẹ fi ọkàn ta okùn kan láti ojú ọ̀kan dé ojú èkejì, kí kámẹ́rà má sì ṣe fo okùn náà.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà. Túndé Kèlání, olùdarí eré, kí ó tó gbé fíìmù Saworoidẹ jáde ní 1999, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn kámẹ́rà, láti ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959 títí dé ilé-ìwé sinimá ní Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí náà, kí ẹ tó dáwọ́ lé eré ọba àti ìjòyè bíi Saworoidẹ, ẹ ṣe ìdánrawò kékeré tí wọ́n máa ń fún àwọn ọmọ ilé-ìwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀: ẹnì kan ṣílẹ̀kùn, ó wọ yàrá, ó jókòó níwájú ẹlòmíràn, wọ́n sọ gbólóhùn méjì sí ara wọn. Ó tán. Ẹ dúró síta, kí ẹ ya ọwọ́ tí ó ń ti ìlẹ̀kùn títí yóò fi ṣí gbayawu. Ẹ wọlé, kí ẹni náà tún un ṣí, ọwọ́ kan náà, kí ẹ yà á láti inú. Ìdajì ìṣísílẹ̀ ni kí ẹ ti gé e, kí ẹ so ó mọ́ èkejì, ojú kò ní rí ibi tí ẹ ti rán an pọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ ya ẹnì kan náà léraléra, ẹ yí kúrò lójú kan tó dìgírì 30, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwòrán yóò ta gìrì bí ẹni tí àlá bà lẹ́rù.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí ẹ ti ń ya eré, ẹ fi ìwé lé ẹnì kan lọ́wọ́, kí ó máa kọ ibi tí fìlà ṣẹ́ sí àti ibi tí gààrí dé nínú abọ́, kí wọ́n má baà yí padà láti àwòrán kan sí èkejì. (Ọmọ tí ó mọ iye ẹran tí ó kù nínú ìkòkò ìyá rẹ̀ ni mo fọwọ́ sí fún iṣẹ́ yìí.)

Ẹ ṣe ìdánrawò náà ní Sátidé tí ń bọ̀, kí ẹ fi han ìyá àgbà kan ládùúgbò, bí ó bá ní, “Fìlà rẹ̀ ti òsì bọ́ sí ọ̀tún kẹ̀?” ẹ padà lọ tún un yà.